Ìpele Ń Gòkè, Olùṣeré Kò Kúrò Lójú Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò fara sin. Aṣọ tuntun ṣeé rà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n inú wíwọ̀, fífọ̀ àti yíya ni àkísà ti ń wá. Àkísà àgbà ni ìrírí rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹnu ya ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ pé eré kan wà lóde òní tí ó ń fi nọ́ńbà ka ìrírí, tí ó ń wọ̀n ọ́n fúnni bí ẹni ń wọn gàárì ní kọ́ńgò, tí àwọn kan tilẹ̀ ti tà á fún olówó rí. Eré náà ni géèmù oníìtàn, èyí tí olùṣeré ti ń wọ awọ ẹ̀dá ìtàn kan, tí yóò sì máa bá a la igbó àti ijù kọjá lójú tẹlifíṣàn, lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù. Ẹ̀sùn tí ó wà nílẹ̀ yìí kò kan ìtàn inú eré náà, kò sì kan àwòrán rẹ̀. Ètò ìpele tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ni ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, nítorí ètò yìí ni ó ń jí adùn eré kó lójú ẹni tí ó ni ín.

Ẹ fojú inú wo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ladi-Lak, níbi tí Ṣómólú àti Bàrígà ti pààlà. Ó ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tán, ó ti pọn omi, iná sì dé lójijì. Ó tan tẹlifíṣàn, ó di páàdì mú. Akọni rẹ̀ dé iwájú abàmì ẹranko kan tí ó dí ọ̀nà. Ọmọ náà ti mọ ìgbà tí ẹranko yìí máa ń fò, ó mọ ìgbà tí ó máa ń sinmi, ó mọ ibi tí ó ti ṣeé dá lọ́gbẹ́. Síbẹ̀, gbogbo idà tí ó bá fà yọ kàn ń ha á lára lásán ni. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò gbọ́n. Akọni rẹ̀ wà ní ìpele 12, géèmù sì ti pinnu pé ẹni tí ó bá wà ní ìpele 20 ni yóò kọjá. Kí ni ó wá kù? Kí ó padà sínú igbó, kí ó máa pa àwọn kòkòrò kéékèèké tí ó pa lánàá, tí ó pa níjẹta, títí nọ́ńbà yóò fi pé. Kí ó tó pé, àwọn tí ará àdúgbò ṣì ń pè ní NEPA á ti mú iná wọn lọ.

Ètò yìí ní orírun. Lọ́dún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Eré orí tábìlì ni, ẹnu, ìwé àti dáìsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí akọni bá ṣẹ́gun tàbí tí ó rí ìṣúra, yóò gba máàkì ìrírí. Bí máàkì náà bá pé iye kan, akọni yóò gun ìpele tí ó kàn. Ọgbọ́n wà nínú ètò náà lórí tábìlì, nítorí pé adarí eré, ènìyàn ẹlẹ́ran ara, ni ó ń pín máàkì. Ó lè rí i pé ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ dídùn tu ọ̀tá lójú dípò kí ó bá a jà, kí ó sì san án lẹ́san. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ adarí, ojú tí ń wo ọgbọ́n fọ́. Ìka tí ń ka iye ni ó ṣẹ́kù. Dragon Quest jáde ní Jàpáànù lọ́dún 1986, Final Fantasy tẹ̀ lé e lọ́dún 1987, Pokémon dé lọ́dún 1996. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2007, àrùn náà ti ran géèmù tí kì í ṣe oníìtàn rárá: Call of Duty 4: Modern Warfare, géèmù oníbọn, gbé ìpele 55 ka iwájú àwọn tí ń bá ara wọn jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò wò ó, nítorí ìṣirò kì í ṣègbè. Pikachu inú Pokémon kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé. Iye máàkì ìrírí tí ó nílò láti dé ìpele kan ni nọ́ńbà ìpele náà lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìpele 10 ń béèrè 10 lọ́nà 10 lọ́nà 10, èyí tí í ṣe 1,000. Ìpele 50 ń béèrè 125,000. Ìpele 100, tí ó jẹ́ òpin, ń béèrè 1,000,000. Ẹni tí ó bá dé ìpele 50 yóò rò pé òun ti rin ìdajì ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ni ó rìn. Láti ìpele 99 bọ́ sí 100, máàkì 29,701 ni yóò kó, èyí sì ju gbogbo ohun tí ó kó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìpele 30 lọ. Olùkọ́ ìṣirò tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ bí nọ́ńbà ṣe ń fò sókè lè kọ èyí sójú pátákó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà nínú rẹ̀: ìpele ìbẹ̀rẹ̀ máa ń yá kíákíá, ti ìkẹyìn a sì máa fà bí okùn àgbò. Oyin ni wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà. Òkúta ni wọ́n tò sí ìyẹ̀wù. Nígbà tí òkúta bá bẹ̀rẹ̀, olùṣeré ti náwó nára, kò rọrùn fún un láti yí padà mọ́.

Ìpalára kìn-ín-ní tí èyí ń ṣe ni ti àkókò. Àwọn tí ó ṣe ìṣirò wọ̀nyí kò ro ti ilé tí iná ti ń wá bí àlejò. Ní Ladi-Lak, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, wákàtí eré ní iye tí ó ń jẹ. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni, epo bẹntiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ sì ń mu ti gbówó lórí gidigidi láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bí ó bá jẹ́ lórí fóònù, dátà ni. Bí ó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, ọmọ tí ó san owó kò lè máa fi owó náà pa kòkòrò kan náà nígbà ọgọ́rùn-ún nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́yìn tí wọ́n ń retí. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ń bínú pé géèmù ń jẹ àkókò akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí: kì í ṣe ìtàn inú géèmù ni ó ń jẹ púpọ̀ nínú àkókò náà. Bí a bá yọ gbogbo wákàtí tí wọ́n fi ń kó máàkì kúrò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù wọ̀nyí ì bá fúyẹ́ bí ìwé ìtàn tí ènìyàn kà láàárín ìsinmi kan.

Ìpalára kejì ni pé ètò yìí ń sọ ìdàgbàsókè di irọ́. Àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe géèmù rí i pé akọni tí ó ti gun ìpele gíga yóò máa pa gbogbo ọ̀tá bí ẹní pa èèrà, adùn yóò sì tán. Oògùn tí wọ́n wá fún un burú ju àìsàn lọ: bí akọni bá ṣe ń gòkè, kí àwọn ọ̀tá náà máa bá a gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú Final Fantasy VIII lọ́dún 1999. Nínú The Elder Scrolls IV: Oblivion, tí ó jáde lọ́dún 2006, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rín: àwọn ọlọ́ṣà ẹ̀bá ọ̀nà tí ń lọ́ owó kékeré gbà wá ń wọ ẹ̀wù ogun olówó iyebíye, kìkì nítorí pé olùṣeré ti gun ìpele. Ọlọ́ṣà tí ó ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, kí ni ó tún ń jalè fún? Àwọn tí ń wa ọkọ̀ ní etí ọ̀sà Bàrígà mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa fi àjẹ̀ wa omi tí ó ń ṣàn padà sọ́dọ̀ rẹ̀: apá ń ro ó, èbúté kò sì súnmọ́ tòsí.

Ìpalára kẹta ni ó burú jù, nítorí ọjà ni ó dé. Lọ́dún 2018, ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé Assassin's Creed Odyssey jáde. Lẹ́yìn tí olùṣeré ti fi owó ra géèmù náà, ohun mìíràn tún wà nínú ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ fún títà: ohun tí yóò máa fi ìdajì lé máàkì ìrírí tí ó bá kó, títí láé, ní nǹkan bí dọ́là 10. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí ìrìn-àjò inú géèmù bá dùn, èwo ni ti pé kí ènìyàn sanwó láti dín in kù? Bí kò bá sì dùn, èwo ni ti pé wọ́n fi í síbẹ̀? Ẹni tí ó gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà, tí ó tún jókòó sẹ́bàá rẹ̀ tí ó ń ta àtẹ̀gùn, kò ṣe ọ̀nà lóore. Níbi yìí ni àkísà àgbà ti di ohun tí wọ́n ń tà lórí àtẹ.

Kò sí àní-àní pé àwọn tí ń gbèjà ètò ìpele ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ní gbígbọ́. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọwọ́ rẹ̀ yá. Ètò ìpele ni ó jẹ́ kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá lè fi ìforítì kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ni wọ́n wí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n imú ẹlẹ́dẹ̀ ń ṣe nǹkan sí ọgbà náà: ó ń wá ibi tí igi ti jẹrà, ó ń tì í, ọgbà sì ń yẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ó bá lọ ń fi imú gbá ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mìíràn nígbà ọgọ́rùn-ún kí ọgbà lè ṣí fúnra rẹ̀ kò wọgbà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un ni. Bí ó bá jẹ́ àánú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá ni ó ń ṣe àwọn oníṣẹ́ géèmù, kí wọ́n fún un ní ọ̀nà tí ó rọrùn ní gbangba, kí ó yàn án, kí ìtàn sì máa lọ.

Wọ́n tún ní ó dùn mọ́ ènìyàn láti rí ara rẹ̀ tí ó ń dàgbà, bí àgbẹ̀ tí ń wo ebè rẹ̀. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n adùn wo ni wọ́n ń sọ? Bí nọ́ńbà kan bá kúrò ní 19 tí ó di 20, tí idà sì ń gé ọ̀tá jinlẹ̀ díẹ̀ sí i, kò sí ohun tí olùṣeré lè ṣe lónìí tí kò lè ṣe lánàá. Adùn ìdàgbà ń bẹ níbi tí ọwọ́ ti mọ ohun tí kò mọ̀ rí. Èkejì kàn jẹ́ ìró agogo tí ń dún sétí ni, ẹni tí ó bá sì ń bá agogo rìn kì í bèèrè ibi tí òun ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kẹta wọn ni pé láìsí ìpele, ènìyàn kì yóò ní ìdí láti tún ṣe eré náà lọ́la. Ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó ti ọpọ́n ayò. Ilé méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ẹni tí ó jẹ lánàá kò ní mú ọmọ ayò kan lé e wá lónìí. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, bàbá àti ọmọ, 48 ni wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ìpele wà nínú ayò, Yorùbá sì sọ wọ́n lórúkọ: ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta. A kò kọ èyíkéyìí nínú wọn sójú ọpọ́n. Inú orí atayò ni wọ́n wà, kò sì sí ẹni tí ó lè rà á fún ọmọ rẹ̀. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀ta sọ́tọ̀ sí ọ̀tá. Bóyá òun náà ni ó ṣi àwọn oníṣẹ́ géèmù lọ́nà, tí wọ́n fi rò pé iye ọ̀tá tí ènìyàn pa ni yóò sọ ọ́ di ọ̀ta.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ayò kì í ṣe ìtàn, kí ó ṣí Ògbójú Ọdẹ Nínú Ígbó Irúnmalẹ̀, èyí tí D. O. Fágúnwà kọ tí ó jáde lọ́dún 1938, ọdún 36 ṣáájú Dungeons & Dragons. Gbogbo ohun tí géèmù oníìtàn ń wá ni ó wà níbẹ̀: akọni tí ń wọ igbó abàmì, àwọn iwin tí ń dí ọ̀nà, oògùn, ẹgbẹ́ àwọn akíkanjú tí ọba rán níṣẹ́ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ẹ wo ẹgbẹ́ náà. Kàkó ní kùmọ̀ àti agbára, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn orin. Nígbà tí wọ́n bá kan ìdènà, ohun tí ìtàn ń béèrè ni pé: ta ni nínú wọn ni ìṣòro yìí bá ẹ̀bùn rẹ̀ mu? Kò sí ibi tí Àkàrà-ògùn ti ní láti padà sẹ́yìn lọ pa ọ̀kẹ́rẹ́ igba kí ó tó lè tẹ̀ síwájú. Ibi tí ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù ti wá kì í tilẹ̀ ṣe ojú ìjà. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó lẹ́sẹ̀ Ìrágbèje tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn. Ẹni tí ó ka ìwé náà tán mọ̀ pé Àkàrà-ògùn tí ó padà dé kì í ṣe ẹni tí ó lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ Fágúnwà kò kọ nọ́ńbà kankan sí i lórí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí gbogbo ìpele di ìtanù. Ìpele tí ó dára wà, àpẹẹrẹ rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ladi-Lak. Ṣómólú ni ìlú Èkó mọ̀ sí ibùdó àwọn atẹ̀wé. Ọmọ tí ó bá lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbá ilẹ̀ àti títo bébà. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá rí i pé ojú rẹ̀ ti là, kì í sọ fún un pé ó ti di ìpele 7. Ọ̀gá a fi ẹ̀rọ kan lé e lọ́wọ́, ọmọ náà a sì máa ṣe ohun tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi gba fúrídọ̀mù. The Legend of Zelda gba ọ̀nà yìí lọ́dún 1986, ọdún kan náà tí Dragon Quest jáde: kò ní máàkì ìrírí rárá, irinṣẹ́ tuntun tí akọni bá rí ni ó ń ṣí ọ̀nà tí ó ti dí tẹ́lẹ̀. Nínú Dark Souls ti ọdún 2011, ìpele wà, ṣùgbọ́n àwọn olùṣeré kan ti parí rẹ̀ láìgun ìpele kan ṣoṣo, nítorí pé ọgbọ́n ọwọ́ ni géèmù náà fi ṣe ìpìlẹ̀. Ìpele tí ó bá ń ṣí ilẹ̀kùn ni ìpele. Èyí tí ó bá kàn ń ka ọjọ́ kò yàtọ̀ sí ẹlẹ́wọ̀n tí ń fi èédú fa ìlà sára ògiri.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ Bàrígà àti Ṣómólú ju bí wọ́n ti rò lọ. Itòsí Yunifásítì Èkó ní Akọkà ni wọ́n ń gbé, Yábàá tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ sí kò sì jìnnà sí wọn. Nínú wọn ni àwọn tí yóò ṣe géèmù lọ́la ti máa jáde. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wọn pé ọmọ Áfíríkà kò lè ṣe é, nítorí lọ́dún 2016 ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde, ìtàn ọba kan tí wọ́n fi ọ̀tẹ̀ lé kúrò lórí oyè, tí ó sì ń fi ogún agbára àwọn baba ńlá rẹ̀ jà. Ewu tí ó wà ni pé kí ọ̀dọ́ tí ó ní Fágúnwà àti ayò nílé lọ yá òṣùwọ̀n tí ó lábùkù lókèèrè, kí ó wá fi aṣọ òfì bò ó, kí ó pè é ní géèmù Yorùbá. Akọni lè wọ agbádá, kí ó sọ èdè Yorùbá tí ó dán mọ́rán. Bí ó bá ṣì ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ igba kí ó tó kọjá odò, Àkàrà-ògùn kọ́ nìyẹn.

Ó kù síbì kan, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó dun olùkọ́ jù. Òṣùwọ̀n tí ń fi iye ọjọ́ díwọ̀n ọgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ nínú géèmù, kò sì dúró síbẹ̀. Ọmọ tí ń lọ láti kíláàsì dé kíláàsì nítorí pé ọdún ti yí, tí kò sì lè ka ojú ìwé kan já geere, ìpele rẹ̀ ń gòkè, òun kò kúrò lójú kan. Òbí tí ó lọ sanwó níbi tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó ìdánwò kí máàkì ọmọ rẹ̀ lè ga, ohun kan náà ni òun àti ẹni tí ó ra máàkì ìrírí inú géèmù rà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lóye pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ nígbà tí akọni òun ń ga tí òun kò ga, ó ti ní ojú tí yóò fi wo ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ má kàn gba páàdì lọ́wọ́ ọmọ. Kí ó bi í léèrè pé: láti oṣù tí o ti ń ṣe eré yìí, kí ni ìwọ, kì í ṣe akọni rẹ, lè ṣe tí o kò lè ṣe tẹ́lẹ̀? Bí ọmọ náà bá ní ìdáhùn, kí ó máa bá eré rẹ̀ lọ, nítorí eré tí ó dára ni ó rí. Bí kò bá ní, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa tẹlifíṣàn náà.

Aṣọ ni ìpele. Ẹnikẹ́ni lè rà á, ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àkísà ni àwọn àgbà fi ń mọ ara wọn, a kò sì tíì rí géèmù tí ó lè rán an.